Ìrun Tí Àkókò Rẹ̀ Kò Tíì Tó

Ká tó rí ọkùnrin tó mọ búlọ́ọ̀kù gé bíi Hàrúnà Ọláníyan ní gbogbo Àyọ̀bọ̀, ó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n ká tó rí ọkùnrin tí kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé ìdáná bíi tirẹ̀, ó máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún, kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣa ẹ̀wà kí wọ́n tó gbé e kaná. Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, òun náà ló ń gbé àwo kúrò. Àwọn ọmọ tó ń bá a po sìmẹ́ǹtì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ìyá bá rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan péré, búrẹ́dì gbẹrẹfu ni bàbá máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Wọn kò ṣẹ̀fẹ̀ yẹn mọ́ nígbà tí àìsàn ṣúgà gbé Sàúdátù dùbúlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ tó ń bá a yí i láìpariwo, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fi ara gbá òkúta lẹ́yìnkùlé, tí ojú ibẹ̀ sì kọ̀ tí kò jinná. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jí sààrì nínú oṣù Rámádàánì, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Sàúdátù wà, omi ń kán sí i lára. Ìgbà tí wọ́n ti kírun Ìtùnú Ààwẹ̀ tán ni wọ́n tó ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì sọ fún Hàrúnà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú tó kù wà. Abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́, egbò ní fífọ̀, oúnjẹ ní àkókò.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hope ní kíníìkì ìjọba ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Orí ọsàn ló ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ tó ń gbé búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe gbọ̀n débi pé ó gún àtàǹpàkò ara rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hàrúnà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Gbogbo ohun tó bá ti dùn lẹ́nu ló lé kúrò nínú ilé: ṣúgà, oyin, títí kan bisikíìtì tí àwọn ọmọ-ọmọ fi sílẹ̀. Bí kíníìkì bá wà ní ṣíṣí, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, tàbí tó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, ó ku òun àti Ọlọ́hun, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń bà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá rí i láràárọ̀ máa rò pé ó ń yangàn díẹ̀. Ó máa gún abẹ́rẹ́ tán, ó máa gbé oúnjẹ ka iwájú Sàúdátù, á wá jáde lọ fọ báńdéèjì. Nígbà tó bá fi máa padà wọlé, àwo ti ṣófo. Sàúdátù á ní, "Ẹ ti ń mọ̀ ọ́n sè o, Bàbá Nasir." Inú rẹ̀ á dùn bíi ti ọmọdé tí wọ́n yìn níléèwé. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí i nínú lọ́jọ́ mélòó kan yìí ni ewúrẹ́ aládùúgbò tó sọ abẹ́ fèrèsé wọn di ilé. Ó máa ń sọ ọ́ ní òkò, ẹranko náà a sì tún padà wá.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Hàrúnà ti gún abẹ́rẹ́ àárọ̀, ó ti gbé oúnjẹ sílẹ̀, àwo sì ti ṣófo bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó kírun Àyìlà ọ̀sán dé láti mọ́ṣáláṣí, ó bá Sàúdátù tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi dé láti odò. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Sàúdátù, kí ló dé?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn adìẹ wọ inú ilé. Nígbà tí Hàrúnà fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, Sàúdátù kò gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù rí. 

Hàrúnà sáré wá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò. Ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ti tán lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ní ọjọ́ Ajé ni òun máa gba òmíràn ní kíníìkì. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà nítòsí, ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó ni ín lọ. Ó pe fóònù Nọ́ọ̀sì Hope, kò wọlé. Ó tún pè é, kò wọlé. Òun náà ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí fún ìyẹn. Hàrúnà ké sí Táyéwò, ọ̀dọ́kùnrin ayálégbé tó ń ta ohun mímu nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ní kó sáré lọ sí ìta títì kó bá àwọn wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù.

"Bàbá, ẹ mọ ọ̀nà yìí," ni Táyéwò wí. "Òjò àná ti bà á jẹ́ ṣá. Wọn ò ní fẹ́ wọlé."

"Bẹ̀ wọ́n. Ní kí wọ́n sọ iye tó bá wù wọ́n."

Bí Táyéwò ṣe ń jáde ni Àǹtí Aasiyah ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n Sàúdátù ni, láti Àgbàdo ló máa ń wá kí i ní ọjọ́ ìsinmi. Àìsàn ṣúgà yìí kan náà ló pa ọkọ rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ó ti gbà pé kò sí ohun tí wọ́n lè kọ́ òun nípa rẹ̀ mọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ju ìbòrí rẹ̀ sórí àga.

"Yéè! Ṣúgà ti gùn ún! Bí Bàbá Kúdí ọkọ mi ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyí kó tó sùn tí kò jí mọ́. Ìsọkúsọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Nasir, ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá, ẹ tún un gún!"

"Nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, Àǹtí."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ọ̀hún wà níbí ni? Ẹ̀ ń wò ó àbí ẹ ò wò ó? Tí ẹ bá dúró de ìrọ̀lẹ́, òkú lẹ máa gún ní abẹ́rẹ́ o!"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Hàrúnà lára. Àìsàn burúkú ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ náà kò dára. Bí Sàúdátù bá kú, tí ó sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí òun kọ̀ láti gún ló pa á, ojú wo ni òun máa fi wo Nasir ọmọ wọn tó wà ní Abuja? Ó ṣí fìríìjì, ó mú ìgò abẹ́rẹ́ jáde, ó fa oògùn náà sínú sírínjì. Ó yà á lẹ́nu pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Aasiyah di èjìká àbúrò rẹ̀ mú. Hàrúnà ká aṣọ ikùn rẹ̀ sókè.

Ètè Sàúdátù ti gbẹ, ó ti funfun. Àánú rẹ̀ ṣe ọkọ rẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ fún un ní omi díẹ̀ kó fi rin ọ̀fun, ó sì gbé ife sún mọ́ ọn lẹ́nu. Sàúdátù pa ẹnu dé pinpin, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi dà sí i lọ́rùn. Ó wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀rọ̀ bí ti ẹni tó ń sùn.

"Oòrùn kò tíì wọ̀."

"Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ?" ni Aasiyah wí. "Ẹ gún un, jàre!"

Hàrúnà kò gún un. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ó dúró, abẹ́rẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ oòrùn nígbà tí wọ́n gbé omi sí i lẹ́nu, bí kò ṣe ẹni tó ń gbààwẹ̀? Ó wá rántí ewúrẹ́. Ó rìn lọ sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ó tì í ṣí. Ewúrẹ́ náà gbé orí sókè wò ó, kò tilẹ̀ sá. Ọ̀rá ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti fà á ya, ẹ̀wà tí Hàrúnà sè láàárọ̀ sì ló wà nínú rẹ̀.

Ó wá yé e. Láti ìgbà tí ewúrẹ́ yìí ti ń wá ni Sàúdátù ti ń ju oúnjẹ rẹ̀ sí i láti ojú fèrèsé, tó ń san ààwẹ̀ Rámádàánì tó jẹ. Bẹ́ẹ̀, Hàrúnà fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún un pé Àáfà ní kí òun bọ́ àwọn tálákà dípò ààwẹ̀ rẹ̀, pé òun sì ti bọ́ wọn. Kí ló tún ń san?

Kò sí àyè láti ronú dé ibẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀. Nọ́ọ̀sì Hope ti sọ ọ́ fún un rí pé bí oògùn yìí bá wọ ara tí oúnjẹ kò bá a níbẹ̀, á jẹ gbogbo ṣúgà ara tán, aláìsàn á máa làágùn, á máa gbọ̀n, á máa sọ ìranù, kí wọ́n sì tètè fún un ní ohun dídùn. Hàrúnà gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè, torí ìyàwó tirẹ̀ ń jẹun.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ààwẹ̀ ló ń gbà. Ṣúgà rẹ̀ kò gòkè, ó ti wálẹ̀ jù ni. Nǹkan dídùn ló yẹ ká fún un."

Aasiyah fi èjìká àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tí ṣúgà ń pa lọ, ẹ fẹ́ fún un ní ṣúgà? Hàrúnà!" Kò pè é ní orúkọ gan-an rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. "Tí ẹ bá fún un tó bá kú, ẹ̀yin ni ẹ máa fẹnu ara yín sọ fún gbogbo ilé wa pé ẹ̀yin lẹ pa á. Mi ò ní bá yín dá sí i."

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ẹ̀rù ba Hàrúnà. Ẹ̀rọ kò ní pépà tó máa fi là wọ́n níjà. Bí òun bá ṣì í, ọwọ́ ara òun ni òun fi pa obìnrin tó ti ń bá òun jìyà láti ìgbà tí Àyọ̀bọ̀ ti jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Bí òun bá sì dúró láìṣe nǹkan kan, ojú Sàúdátù ti ń yí báyìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ti rí ẹ̀wà nílẹ̀ níwájú ewúrẹ́, kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Táyéwò yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. "Bàbá, wọ́n kọ̀. Ẹnì kan ní òun máa dúró ní ìta, pé ká gbé màmá wá bá òun."

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Lọ mú mínírà wá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, èyí tó dùn jù. Sáré!"

Mínírà dé, ó tutù, wọ́n ṣí i. Hàrúnà gbé ọ̀rùn ìyàwó rẹ̀ lé apá, ó gbé ife sí i lẹ́nu. Sàúdátù tún pa ẹnu dé. Ó fi eyín di eyín. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní Ọlọ́hun ti gba aláìsàn láyè, ó ní kó wo òun, Hàrúnà nìyí. Bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Mínírà dà sórí ìrọ̀rí. Ara obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, agbára tó fi ń jà sì ń lọ sílẹ̀. Bó bá sùn lọ báyìí, ohunkóhun kò ní lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Ó ṣì ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Oòrùn, ló ń wí. Oòrùn.

Hàrúnà gbé e padà sórí ìrọ̀rí. Ó dìde, ó fa kọ́tìnì iwájú, ó fa ti ẹ̀yìn, yàrá náà ṣú díẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" ni Aasiyah bi í.

 Hàrúnà kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo etí ara rẹ̀ kan, ó tẹ ẹnu sún mọ́ etí Sàúdátù bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun.

"Allaahu Akbar, Allaahu Akbar..."

"Astagfirullah!" Aasiyah fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Àkókò Alásàrí pàápàá kò tíì tó, ká má tíì sọ ti Mọ̀gàríbà tí wọ́n ń pè nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Hàrúnà mọ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, pé orúkọ Ọlọ́hun ló sì wà lẹ́nu òun. Kò ṣe làdánì rí láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò dúró. Táyéwò ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣí fìlà lórí lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ó pè é dé òpin, Sàúdátù ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ètè rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Hàrúnà dẹtí sí i. Àdúà tí wọ́n fi ń ṣínu ló ń ka, ó ń fò ó ní àwọn ibì kan, ó ń padà. Lẹ́yìn náà, ó la ẹnu.

Ó fún un ní díẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún fún un. Omijé ń bọ́ lójú Hàrúnà sórí ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì ráyè nù ún. Aasiyah ti wá kúnlẹ̀ lódìkejì, òun ló di ìdí ife náà mú. Ife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí ìyàtọ̀. Hàrúnà ń wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ife, ó tún ń wo ojú. Ó ní kí Táyéwò bu òmíràn sí i. Nígbà tó yá, òógùn iwájú orí Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó ṣẹ́jú, ó wò wọ́n yí ká.

"Bàbá Nasir, kí ló dé tí gbogbo yín kúnlẹ̀ tì mí báyìí? Ta ló da omi sí mi lọ́rùn?"

Aasiyah jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ó bú sẹ́kún. Kò pẹ́ tí fóònù dún, Nọ́ọ̀sì Hope ló jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó rí ìpè. Hàrúnà ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ gidi lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe gún un ní abẹ́rẹ́ kankan títí òun á fi gbé ẹ̀rọ wá yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́. "Bàbá, tí ẹ bá ti gún ìkejì yẹn ni," ló wí, kò sì parí rẹ̀. Aasiyah gbọ́ ọ. Ó mú ìbòrí rẹ̀ lórí àga, ó lọ sí ilé ìdáná, ó lọ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kaná fúnra rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ lóòótọ́, Aasiyah ti padà sí Àgbàdo, ó ku tọkọtaya nínú yàrá. Làdánì mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Sàúdátù gbọ́ ọ títí.

"Ìrun wo nìyẹn?"

"Mọ̀gàríbà ni."

"Èyí tí mo fi ṣínu ńkọ́?"

Hàrúnà wo ilẹ̀. "Èmi ni mo pè é."

Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Abájọ! Mo ní irú làdánì wo lèyí, àfi bíi pé wọ́n ń fa irin nílẹ̀."

Hàrúnà kò rẹ́rìn-ín. Ìbínú tó ti gbé pamọ́ láti ọ̀sán ló jáde. "Sàúdátù, o fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ewúrẹ́ lo ń bọ́! Ta ló ní kí o san ààwẹ̀? Ṣé mi ò sọ fún ọ pé mo ti bọ́ àwọn tálákà dípò rẹ̀ ni?"

"Ẹ ti sọ fún mi." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ilé kéwú ni mo dàgbà sí, Bàbá Nasir. Aláìsàn tó máa yá, ó máa san ààwẹ̀ rẹ̀ tó bá yá. Ẹni tí kò ní yá mọ́ ni wọ́n ń bọ́ tálákà fún. Lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́ fún mi pé ẹ ti bọ́ wọn, mo yí ojú sí ògiri. Mo ní, ọkọ mi ti gbà pé mi ò ní yá. Mo ní kí n gba ààwẹ̀ náà tán kí n tó sọ fún yín, bóyá ẹ máa rí i pé mo ṣì lè gbà á."

 Hàrúnà fẹ́ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé Àáfà ló sọ bẹ́ẹ̀, pé òun kò ronú dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ti tó o lóòjọ́.

"Lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo jáde síta, mo sì gbà bẹ́ẹ̀."

"Lónìí ńkọ́?"

Hàrúnà gbé ojú sókè. "Lónìí, mo pe Mọ̀gàríbà lọ́sàn-án gangan, mo sì mọ ẹni tó ń gbọ́ mi. Ṣé ẹni tó ti gbà pé o máa kú ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Sàúdátù wò ó. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní kó fa òun dìde jókòó.

"Ẹ gbé oúnjẹ wá," ló wí, "kí ẹ sì jókòó síbí títí màá fi jẹ ẹ́ tán."